Ẹni Tí A Máa Fa Káfáyà Lé Lọ́wọ́

Iṣu kan ló wà lápá mi nígbà tí mo jáde nílé wa ní Peckham láàárọ̀ Sátidé kan. A ti kírun àsùbáà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń lọ wo yunifásítì, ìwé ló yẹ kó gbé dání. Ẹ bi ìyàwó mi.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má retí gírámà lọ́dọ̀ mi. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìwó, tàbí kó jẹ́ ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀, a ò tíì yanjú ẹ̀ dòní. Pàǹtí ni mò ń kó fún council níbí. Mọ́tò á máa lọ níwájú, èmi á máa fa bíìnì lẹ́yìn. Mo mọ ẹ̀yìn ilé ìwé gíga tó wà ní New Cross dáadáa, torí ẹ̀yìn ẹ̀ ni bíìnì wọn wà. Iwájú ẹ̀ ni mi ò tíì dé rí.

Ọmọ mi Káfáyà, ẹni ọdún méjìdínlógún, tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè ní Kaffy, ni yunifásítì ńlá kan ní apá òkè England fún láyè. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Káfáyà ní tí n bá gbé ọ̀rọ̀ òun síta, òun máa block mi, ìyẹn ni pé kí ọmọ ti ilẹ̀kùn fóònù mọ́ bàbá ẹ̀ lójú.

Òkúta ló fẹ́ lọ kọ́. Mi ò ṣì í kọ o. Òkúta, iyẹ̀pẹ̀, àti omi tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Geology ni wọ́n ń pè é. Mo kúrò ní Ìwó níbi tí òkúta ti pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mo wọkọ̀ òfuurufú wá sí London, kí ọmọ mi lè lọ kọ́ nípa òkúta.

Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Tiẹ̀ ni kó lọ sí New Cross, bọ́ọ̀sì kan péré láti ilé wa, kó lọ láàárọ̀, kó wá jẹun nílé nírọ̀lẹ́. Wọn kì í kọ́ òkúta ní New Cross, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó wù ú. Ọmọ sunkún, èmi náà bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ló bá fún wa lófin kan.

“Bàbá Káfáyà,” ó ní, “nígbà tí bàbá mi mú mi lọ ilé kéú, Alfa ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, wọ́n fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi sì dáhùn pé òun gbà mí. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ni ibẹ̀, ẹ fa ọmọ lé e lọ́wọ́, kó gbà á lójú yín. Tó bá gbà á, kó máa lọ. Tí ẹ ò bá rẹ́ni gbà á, New Cross ni o. Ọjọ́ Ajé ni Káfáyà gbọ́dọ̀ dá yunifásítì lóhùn.”

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ohun tó gbé iṣu dé apá mi nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣà á ní Rye Lane, ó fi ìka kàn án kókó, ó gbóòórùn ẹ̀, ó bá ọlọ́jà jà lórí ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì 36 la wọ̀ lọ sí Victoria. Owó kan náà ni bọ́ọ̀sì London, ò báà bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn tí ibi tí mò ń lọ bá jìn. Ìdajì àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń lọ síbi iṣẹ́, ìdajì ń bọ̀ láti shift òru, oorun kan náà ló sì ń mi orí gbogbo wọn.

“Daddy, please,” Káfáyà ní, “ẹ jẹ́ ká fi yam yẹn sílẹ̀ síbí.”

“Kí ni màá wí fún ìyá ẹ?”

“Ẹ ní mo ti jẹ ẹ́.”

“Ní tútù?”

Ó fa ìborí ẹ̀ síwájú. “It's long, Daddy. Wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n ti gbà mí already. Mi ò kí ń ṣe ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé fún èèyàn.”

“Ẹrù sàn jù ẹ́ lọ,” mo ní. “Ẹrù kì í jiyàn.”

Ní Victoria, kọ́ọ̀chì la wọ̀, torí pé owó ọkọ̀ ojú irin, tí mo bá san án, òun náà á ní kí n fa ọmọ kan lé òun lọ́wọ́. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni kọ́ọ̀chì gbà. Awakọ̀ wa jẹ́ ọkùnrin dúdú kan tó ti lọ́jọ́ lórí. Mo kí i bá a ṣe ń kí awakọ̀: “Well done, sir.”

Ó wò mí. “Mi ò tíì ṣe nǹkan kan.”

Mo ní níbi tá a ti wá, a máa ń kí awakọ̀ kó tó gbéra, torí tó bá ti gbéra tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá a tún máa ráyè kí i.

“Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ gan-an,” ó ní. “Kí lo gbé dání yẹn?”

“Iṣu ni.”

“Yam! Ìyá ìyá mi ní Jamaica máa ń sè é fún wa. Ó dáa, abẹ́ àga ni kó o gbé e sí o. Tíyẹn bá jábọ́ látòkè lé èèyàn lórí, ọlọ́pàá ló máa bá wa parí ìrìn àjò yìí.”

Káfáyà ti lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọ̀nà náà gbòòrò, ó tẹ́jú, kò ní kòtò kan tí èèyàn lè fi ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Àgùntàn ló kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí darandaran kan lẹ́yìn wọn, wọn ò sì rìn lọ síbì kan. Lágbede méjì, a dúró ní ibi tí wọ́n ń pè ní services. Mọ́tò ló máa ń sinmi níbẹ̀, àpò èèyàn kì í sinmi. Wọ́n bu omi gbígbóná sí kọ́ọ̀bù bébà, wọ́n fi ewé tíì sínú ẹ̀, wọ́n gba pọ́n-ùn mẹ́ta lé díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo mu ún títí dé ìsàlẹ̀, mo tún mu ewé ẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ṣí mọ́ínmọ́ín tí ìyá Káfáyà dì fún wa, òórùn ẹ̀ sì jẹ́ kí gbogbo kọ́ọ̀chì mọ orílẹ̀-èdè tá a ti wá.

Nígbà tá a débẹ̀, géètì ni mo kọ́kọ́ ń wá. Gbogbo ilé ìwé tí mo mọ̀ ló ní géètì, ọlọ́dẹ kan á sì jókòó síbẹ̀ tó máa bi ẹ́ pé ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ. Ibí yìí ò ní géètì. Títì ìgboro ló gba àárín ẹ̀ kọjá, bọ́ọ̀sì ń kọjá níbẹ̀, ilé ìfowópamọ́ wà níbẹ̀, bábà tó ń gẹrun wà níbẹ̀. Mo bi Káfáyà pé ibo ni ilé ìwé náà wà. Ó ní láti ìgbà tá a ti kọjá ibi afárá yẹn la ti wà nínú ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wọ T-shirt yẹ́lò ló ń mú àwọn òbí àti ọmọ káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yìn ló ń fi rìn. Ó kọjú sí wa, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn gba àárín èèyàn àti kẹ̀kẹ́ kọjá. Ní Ìwó, ẹni tó bá ń rìn bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ránṣẹ́ sáwọn èèyàn ẹ̀. Ibí yìí, wọ́n kọ́ ọ ni, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ fún un.

Ó fi oríṣiríṣi nǹkan hàn wá débi tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ilé ìkàwé tí kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán tòru. Ilé ìwé dókítà tó so mọ́ hospital. Ilé kan tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu afárá kékeré láti mọ ìgbà tó máa wó. Ilé onídíńgí tí àlìkámà ti ń hù nínú omi, láìsí iyẹ̀pẹ̀. Yàrá ìkírun wà níbẹ̀, a sì kírun àìlà níbẹ̀. Bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ pọ̀ tó ti ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní olórí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ni ìwádìí. Ìwádìí yẹn ni pé kí wọ́n máa sanwó fún ẹ kó o lọ wá ohun tí kò sẹ́nì kankan tó mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wo bí oyin ṣe ń sùn fún ọdún mẹ́wàá. Ká ní mo gbọ́ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, mi ò bá ti gbìyànjú dé fọ́ọ̀mù tírì.

Mo bi í léèrè ohun tó gbé mi wá. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ibí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó ni ín, sir. Ilé ìwé ìjọba ni. Gbogbo wa la ni ín.”

Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Èmi ni mò ń kó ìdọ̀tí ẹ̀.

“Ọ̀gá àgbà pátápátá ńkọ́?”

Ó ní ó wà. Òun ti rí i lẹ́ẹ̀kan láti ọdún mẹ́ta, lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ sínú ọ́fíìsì.

Báyìí la ṣe dé ilé àwọn olókúta. Mo wọlé, mo sì rí i. Ọkùnrin òyìnbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onídíńgí tí wọ́n to òkúta sí, irun ẹ̀ funfun bí òwú, ó de táì, ó wọ kóòtù, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo àwọn yòókù tó ń lọ tó ń bọ̀, súwẹ́tà ló wà lọ́rùn wọn. Mo ní Alámùdùlíláhì, onílé ti délé.

Mo lọ bá a. Mo tẹ̀ ba dáadáa, ọwọ́ ọ̀tún mi kan ilẹ̀. “Ọ̀gá,” mo ní, “ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi rèé. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ìyá ẹ̀ ní kí n kí yín. Mo fà á lé yín lọ́wọ́ lónìí, ẹ bá wa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ara ẹ̀. Tó bá ṣe dáadáa, ẹ gbà á níyànjú. Tó bá ṣìwà hù, ẹ bá a wí.” Mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu fún un.

Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàńpàkò họ ara ẹ̀ díẹ̀.

“Ó wúwo,” ó ní. “Báwo lẹ ṣe ń gbìn ín?”

Mo sọ fún un pé ebè la máa ń kọ. Ó bi mí bí ebè ṣe máa ń ga tó, mo fọwọ́ júwe ẹ̀. Ó bi mí bóyá òjò pọ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n gidi rèé, ó ń bèèrè ìdí ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló wá ní:

“Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni mí. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni mò ń gbìn. Ọmọ tèmi náà nìyí, òun ni mo mú wá.” Ọmọbìnrin onírun pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ti Káfáyà, ìborí ẹ̀ ti bo ojú ẹ̀ tán, imú nìkan lò ń rí.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àgbẹ̀ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé iṣu náà mọ́ abíyá.

“Láti àárọ̀ lèmi náà ti ń wá ẹni tí màá fún ní tèmi,” ó ní. “Mi ò kàn mọ̀ pé ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.”

A kì í gba ọrẹ padà. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é fún un, mo kìlọ̀ fún un kó má jẹ ẹ́ láìsè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá mú wa wọlé, obìnrin kúkúrú kan ni, tó wọ bàtà eré ìdárayá àti súwẹ́tà tó ti lu ní ìgúnpá. Ẹni tí mo ti bi léèrè ilé ìtọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó mú wa, àti àgbẹ̀ náà àti ọmọ ẹ̀, lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó fi awẹ́ òkúta kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wò ó. Mo wò ó. Òkúta tó dúdú lójú mi, tí mo lè tẹ̀ kọjá lọ́jọ́ gbogbo, àwọ̀ elésè àlùkò, yẹ́lò, búlùú, ló kún inú ẹ̀, bó ṣe ń yí i ni àwọ̀ náà ń pààrọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní “Súbúhánálláhì.” Nígbà tí mo gbójú sókè, Káfáyà ló ń wò mí. Kò tún fi ìborí bojú mọ́.

Ọwọ́ mi ti ṣófo, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún obìnrin náà, gbogbo ẹ̀, látorí ìkíni títí dórí ìbáwí.

Ó tẹ́tí sí mi dópin. “Mi ò lè gbà á, sir,” ó ní. “Àgbà ni lójú òfin. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pè mí lórí fóònù pé báwo ló ṣe ń ṣe, mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, àfi tóun fúnra ẹ̀ bá ní kí n sọ.”

Mo kọjú sí Káfáyà. “Kí ló wí?”

“Exactly ohun tẹ́ ẹ gbọ́, Daddy.” Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Òun náà rántí òfin ìyá ẹ̀.

Àgbẹ̀ tó gbé iṣu mi mọ́ abíyá ló wá bèèrè pé, “Tó bá wá di ọjọ́ kan, tí ọmọ ò jáde ní yàrá ẹ̀, ta ló máa mọ̀?”

Obìnrin náà yíjú sí tábìlì kan lẹ́yìn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́jọ ti ń gé òkúta tí wọ́n ń yàwòrán.

“Ta ni ò wá lónìí?” ó bi wọ́n.

“Hannah,” wọ́n ní. Wọn ò tiẹ̀ gbórí sókè.

“Kí ló ṣe é?”

“Inú rírun. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un lánàá.”

“Ó ti ń jẹun,” ìkejì ní. “Ó ní ọjọ́ Túsìdeè lòun máa wá.”

“Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀,” ìkẹta ní. “Kò tíì ya map ẹ̀ tán.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà yíjú sí wa padà. “Mi ò rán ẹnikẹ́ni nínú wọn,” ó ní. Ó gbé àpótí òkúta ẹ̀, ó lọ bá àwọn òbí mìíràn.

Nínú kọ́ọ̀chì tá a wọ̀ bọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ni Káfáyà jókòó sí.

“Daddy, kí lẹ máa sọ fún Mummy?”

“Òótọ́.”

“Òótọ́ wo?”

“Pé kò sẹ́ni tó gbà ẹ́.”

“Ṣé ẹ ò lè ní wọ́n gbà mí ni?”

“Mo lè ní wọ́n gbà ẹ́. Ìyá ẹ á bi mí lórúkọ ẹni náà, á bi mí lórúkọ bàbá ẹ̀, á gba fóònù lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ kí i.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Mo fẹ́ ẹ gan-an, Daddy,” ó ní. Ojú fèrèsé ló kọ sí nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ń ro mọ́sálásí wa. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, èrò máa ń kún un débi pé ìta làwọn mìíràn ti ń kírun. Tí mi ò bá lọ, lèmọ́ọ̀mù ò ní mọ̀, òun kọ́ ló sì yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà láti Brockley tó máa ń dúró lápá òsì mi ní sàfù, ìyẹn ìlà tá a máa ń tò sí láti kírun. Ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn mí, òun ló béèrè ilé wa tó sì wá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, kò tíì mọ orúkọ mi nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó fà mí lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ti ń kírun mọ̀gàríbì ní Peckham nígbà tá a wọlé. Ìyá Káfáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà parí ìrun ẹ̀ ni. Kò jẹ́ ká jókòó.

“Ta lẹ fà á lé lọ́wọ́?”

“Kò sẹ́ni tó gbà á,” mo ní.

Ó wo Káfáyà. Káfáyà wolẹ̀. “Ó tán nìyẹn,” ó ní. “New Cross ò jẹ èèyàn.”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.” Mo sì sọ ọ́ tán. Mo sọ ti ẹni tí mo tẹ̀ ba fún, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Mo sọ ti obìnrin onísúwẹ́tà àti òfin, ojú ẹ̀ le. Mo sọ ti tábìlì.

“Èyí tó gbé ọbẹ̀ lọ yẹn,” ó ní, “ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni?”

“Wọn ò bára tan.”

“Wọ́n ní kó gbé e lọ ni?”

“Kò sẹ́ni tó rán an.”

“Ọbẹ̀ wo ni?”

“Mi ò bi wọ́n.”

“Ẹ ò bi wọ́n! Ẹ rin gbogbo ọ̀nà yẹn, ẹ ò bèèrè ọbẹ̀!”

“Lentil ni, Mummy,” Káfáyà ní jẹ́jẹ́. “Mo bi í. Bí ẹ̀wà ló ṣe rí.”

“Ó fi ata sí i?”

“Kò fi ata sí i.”

Ìyá ẹ̀ mi orí fún ìgbà díẹ̀. “Wọn ò mọ̀ ọ́n sè,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ.”

Ó ká ẹní ìkírun ẹ̀, ó gbé e sórí àga, ó tún dúró síbẹ̀.

“Káfáyà, ṣé ibẹ̀ tutù?”

Káfáyà wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ti ṣe ọkọ obìnrin yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé tí kò bá fẹ́ kéèyàn lọ síbì kan, kì í bèèrè bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe rí.

“Díẹ̀ ni, Mummy.”

“Díẹ̀ kọ́,” mo ní. “Ó tutù gan-an.”

Ṣùgbọ́n ó ti wọ yàrá lọ, a sì ń gbọ́ tó ń wọ́ àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń pe Káfáyà kó wá gbá ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi kò ju pé èmi ni mo lọ wá ẹni tó máa gba ọmọ, ìyá ẹ̀ ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.